Àwòrán Màmá Tó Rí Bàìbàì

Èébú ni Mọ́rẹ́olúwa fi kí mi káàbọ̀ sí Ìjoun.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ni. Eruku ọ̀nà Ayétòrò ti sọ irun mi di pupa, mo ń nu kámẹ́rà mi lọ́wọ́, nígbà tí ọmọbìnrin kan tó ru abọ́ ẹ̀gẹ́ yọ láti ẹ̀yìn ilé.

"Ìwọ oníkámẹ́rà yìí, ta ló rán ẹ wá?" ló bi mí. "Ṣé àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ni? Kò sí ìrẹsì níbí o. Ẹ̀gẹ́ la ní. Ó yá, wá ya ẹ̀gẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, èmi kì í ṣe kọ́sítọ́ọ̀mù."

"Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

Èmi tí ẹ ń wò yìí, inú máa ń tètè bí mi. Ìyá tó bí mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti la ẹnu pé kí n fún un lésì tí kò ní gbàgbé bọ̀rọ̀, ló bá sọ abọ́ kalẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn iwájú orí, ó wá wò mí tààrà.  Mo kàn dúró, mò ń wò ó bí ọ̀dẹ̀. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

"Ó yá, sọ̀rọ̀ ná," ó ní.

Mo sọ fún un pé Akínlolú lorúkọ mi, pé Ìlaròó ni mò ń gbé, pé fótò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde àwọn ọmọ Póòlì ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ni àwòrán ẹlẹ́rìí. Mo máa ń ya àwọn èèyàn níbi tí wọ́n ti ń gbé ayé wọn, láìní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, láìní kí wọ́n lọ pààrọ̀ aṣọ. Mo ní mo fẹ́ ya àwọn obìnrin tó ń dáko lẹ́bàá bọ́dà, kí n pàtẹ ẹ̀ ní Ìlaròó kí aráyé lè rí wọn.

"Ẹlẹ́rìí," ó ní, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹjọ́ wo ni wọ́n pè wá?"

Obìnrin àgbàlagbà kan bú sẹ́rìn-ín nínú ilé. "Mọ́rẹ́, fi ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn sílẹ̀. Bu omi fún un mu."

Màmá Ọ̀ṣúnkẹ́mi nìyẹn, ìyá Mọ́rẹ́olúwa. Nígbà tó jáde síta, mo rí i pé ó fi gèlè kékeré wé ọrùn, nínú oòrùn tó ń jó ni lára yẹn. Gẹ̀gẹ̀ ló wà ní ọrùn ẹ̀, ó sì ti tóbi. Gbogbo Ìjoun ló mọ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Màmá ò ya fótò rí láyé ẹ̀. Wọ́n ní nígbà tó lọ forúkọ sílẹ̀ fún káàdì ìdìbò, wọ́n ní kó ṣí ọrùn sílẹ̀, ló bá yíjú padà sílé láìbá ẹnikẹ́ni jà. Láti ọjọ́ náà, ìjọba ò mọ̀ pé ó wà láyé.

Mo ní ọjọ́ méjì ni mo máa lò ní Ìjoun. Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́: oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń lọ tí mò ń bọ̀.

Mọ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́ ní láíbìrì ọgbà yunifásítì tó wà ní Ayétòrò, ọjọ́ Ẹtì ló sì máa ń lọ sílé lọ ran ìyá ẹ̀ lọ́wọ́. Ọjọ́ Ẹtì lèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí iṣẹ́ ṣe ní Ìjoun. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ tún jẹ́ ti ìlú Bẹ̀nẹ̀ tó wà lódìkejì bọ́dà nígbà púpọ̀, tí mo bá pe Mọ́rẹ́ nílé, obìnrin kan á máa sọ Faransé sí mi létí. Mi ò gbọ́ ọ̀kan nínú ẹ̀. Mo máa ń bú u, màá tún pè.

Ọjọ́ kan, a jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wọn, ó gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi.

"Kí ni nǹkan tí o máa ń yí yìí?"

"Inú ojú kámẹ́rà ní ihò kan," mo ní. "Òun ni mò ń yí. Tí mo bá là á gbàgà, ẹni tí mo dojú ẹ̀ kọ nìkan ló máa hàn kedere. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á rí bàìbàì. Tí mo bá fún un pọ̀ kó kéré bí ojú abẹ́rẹ́, gbogbo ẹ̀ ló máa mọ́, láti ibí títí dé igbó ọ̀hún."

"Èwo ló wá jẹ́ òótọ́ níbẹ̀?"

"Méjèèjì."

"Irọ́ ni. Tó o bá là á, ìwọ lò ń yan ẹni tó yẹ kí n rí fún mi. Tó o bá fún un, èmi tí mò ń wò ni màá fúnra mi yàn."

Mo ti lo ọdún mọ́kànlá nídìí iṣẹ́ yìí, mi ò tíì gbọ́ ẹni tó sọ ọ́ báyẹn. Orí mi wú.

"Tó bá jẹ́ ìwọ ni mò ń yà," mo ní, "gbàgadà ni màá là á. Mi ò fẹ́ rí ẹlòmíràn, ìfẹ́ mi."

"Ẹlẹ́nu dídùn!" Ó gbá mi léjìká. "Àwọn èèyàn mi ńkọ́? Ibo lo fẹ́ kó wọn sí?"

Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Abọ́dúnrìn, ni kò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, òun ni olórí ilé. Nígbà tí mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, ó jẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀ dáadáa.

"Fótò," ó ní. "Ọkùnrin tó tóbi tó báyìí. Fótò ló fi ń ṣiṣẹ́ ṣe."

"Abọ́dúnrìn, jẹ́ kó dìde, ilẹ̀ gbóná," Màmá sọ láti ibi tó jókòó sí. Ó wá yíjú sí mi. "Àna mi, má dá a lóhùn. Bàbá wọn náà ò rí nǹkan kan dára rí."

Àna mi! Ó kọ́kọ́ pè mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti dìde. Màmá ló ṣe gbogbo ẹ̀. Òun ló rọ Abọ́dúnrìn títí tó fi gbà, òun náà ló mú ọjọ́: Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá, kí ìdílé mi wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Nínú oṣù Karùn-ún ọdún yẹn ni mo ya àwòrán tí ẹ ó gbọ́ nípa ẹ̀ yìí.

Mọ́rẹ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Àwọn obìnrin méjì tó ń kọjá lọ sọ nǹkan sí i, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó gbé orí sókè. Màmá wà lẹ́yìn ẹ̀ nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ. Ìmọ́lẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ti fún ojú kámẹ́rà pọ̀ kí ẹnu ọ̀nà àti inú ọ̀ọ̀dẹ̀ lè mọ́ pọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́.

Mọ́rẹ́ kó ẹ̀gẹ́ lọ sẹ́yìnkùlé lọ fọ̀. Màmá pè mí.

"Gbé e wá, kí n wò ó."

Mo gbé ẹ̀yìn kámẹ́rà sún mọ́ ojú ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló mọ́ bí ọ̀sán gangan. Mọ́rẹ́ ń rẹ́rìn-ín níwájú. Lẹ́yìn ẹ̀, gèlè ti tú kúrò lọ́rùn Màmá, gẹ̀gẹ̀ hàn síta, ó fi ọwọ́ òsì di ọ̀fun mú, ó la ẹnu bí ẹni tó ń wá afẹ́fẹ́. Èmi tí mo yà á gan-an, mi ò rí i nígbà tí mò ń yà á.



"Eléyìí hàn jù," ó ní. "Pa á rẹ́."

"Màmá, ṣé ó ń dùn yín ni?"

Ó wo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kó tó dáhùn. "Ó ti tó oṣù mélòó kan. Oúnjẹ ò fẹ́ lọ mọ́. Tí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ó máa ń fún mi lọ́rùn."

"Ẹ jẹ́ kí n pe Mọ́rẹ́."

"Akínlolú!" Ó di apá mi mú. Ọwọ́ ẹ̀ le ju bí mo ṣe rò lọ. "Tó bá gbọ́, ó máa ní kí wọ́n sún ọjọ́ yín síwájú. Mo mọ ọmọ mi. Á pa gbogbo nǹkan tì, á máa gbé mi káàkiri ọsibítù. Ẹ jẹ́ ká ṣe tiyín tán ná. Tí oṣù Kejìlá bá ti kọjá, èmi fúnra mi ni màá ní kí wọ́n gbé mi lọ. Ṣé o gbọ́? Ṣèlérí fún mi."

Mo ṣèlérí.

Mo lè sọ fún yín pé torí pé àgbà ni, torí pé àna mi ni, ni mo ṣe gbà. Ẹ ò bá sì gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn Mọ́rẹ́olúwa débi pé oṣù Kejìlá ti jìnnà jù lójú mi. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún un síwájú kan. Inú mi dùn pé Màmá ló bẹ̀ mí.

Nígbà tí Mọ́rẹ́ padà jókòó, mo la ojú kámẹ́rà gbàgà. Mo dojú ẹ̀ kọ Mọ́rẹ́ nìkan, mo yà á. Màmá sì wà nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òjìji aláṣọ búlúù lásán ni, kò lójú, kò nímú, kò lọ́rùn. Mo yọ́ gbé e fún un wò.

"Ẹ̀hẹ́ẹ̀n," ó ní, inú ẹ̀ dùn. "Èyí ló dáa. Mo wà níbẹ̀, mi ò sì sí níbẹ̀. Tàkọ́kọ́ ńkọ́, o ti pa á rẹ́?"

"Mo ti pa á rẹ́, Màmá."

Mi ò pa á rẹ́. Àwa oníṣẹ́ yìí kì í pa nǹkan rẹ́.

Oṣù Kẹjọ la pàtẹ àwọn àwòrán náà ní Ìlaròó. Ogójì ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀kan yẹn ni èrò ń dúró sí. Olùkọ́ kan tó wọ ìgò ojú ṣàlàyé fún gbogbo wa pé ìran tó ń bọ̀ ló wà níwájú, tó mọ́ kedere, ìran tó ń lọ sílé ló wà lẹ́yìn, tó ń parẹ́ lọ. Àwọn èèyàn ń mi orí. Obìnrin kan tiẹ̀ nu omijé. Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo gbà á, mo ní ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, bí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀.

Mọ́rẹ́ dúró tì mí, ó wọ aṣọ òféfèé, ó lẹ́wà débi pé mi ò rójú wo ibòmíràn.

"Akin, àwòrán yìí dáa," ó rọra sọ. "Ṣùgbọ́n kí ló dé tó o jẹ́ kí Màmá rí bàìbàì?"

"Torí pé ìwọ nìkan ni mo fẹ́ rí, ọkàn mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì di ọwọ́ mi mú. Ó dùn mọ́ ọn. Mo rí i pé ó dùn mọ́ ọn, ìtìjú sì mú mi, ṣùgbọ́n kò mú mi tó láti sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹwàá, fóònù mi dún láàárọ̀. Mọ́rẹ́ ni. Kò lè sọ̀rọ̀. Abọ́dúnrìn ló gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀.

"Màmá ti lọ," ó ní, ó sì pa á.

Èémí ló dí i. Wọ́n gbé e dé ọsibítù kan, dókítà ní gẹ̀gẹ̀ yẹn ti ń fún ọ̀nà èémí ẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ó ní ká ní wọ́n tètè gbé e wá ni, iṣẹ́ abẹ ò bá ràn án lọ́wọ́. Ó bi wọ́n pé ṣé kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni. Wọ́n ní rárá, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mọ́rẹ́ ló sọ gbogbo èyí fún mi pẹ̀lú ẹkún, orí ẹ̀ wà láyà mi. Mo ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Mo ń sọ pé, "Pẹ̀lẹ́, olólùfẹ́ mi, pẹ̀lẹ́." Ẹ ò rí ayé mi.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ fótò bẹ̀rẹ̀.

Kí wọ́n tó sìnkú, wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ pósítà, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé àwòrán olóògbé sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Ṣọ́ọ̀ṣì béèrè, àwọn ará ilé béèrè. Wọ́n tú gbogbo àpótí, wọ́n tú fóònù gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Ọwọ́ Màmá ni wọ́n rí níbì kan, etí aṣọ ẹ̀ níbòmíràn. Àwòrán kan ṣoṣo tí gbogbo ara ẹ̀ wà nínú ẹ̀ ni tèmi, kò sì lójú.

Mọ́rẹ́ fà mí lọ sábẹ́ igi máńgòrò.

"Akin, ìwọ lo wà pẹ̀lú wa nígbà gbogbo pẹ̀lú kámẹ́rà. Jọ̀ọ́, ṣé kò sí òmíràn? Èyíkéyìí. Kó ṣáà ti jẹ́ ojú ẹ̀."

Ó wà. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà mi nílé, kedere.

"Kò sí," mo ní.

Ìlérí tí mo ṣe fún olóògbé ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, mi ò purọ́. Ohun tó tẹ̀lé e ni pé tí Mọ́rẹ́ bá rí àwòrán yẹn, ó máa rí ọwọ́ tó wà lọ́fun, ó sì máa mọ̀ pé mo rí i.

Abọ́dúnrìn ò lè dúró. Ó gbé àwòrán tó rí bàìbàì yẹn lọ bá àwọn tó ń tẹ pósítà ní Ayétòrò. Wọ́n ní kò sí wàhálà, nǹkan kan wà nínú fóònù báyìí tó ń tún àwòrán tí kò mọ́ ṣe, ìṣẹ́jú kan péré. Ó ní kí wọ́n ṣe é. Ọjọ́bọ̀, tí ìsìnkú ku ọ̀la, ó kó ọgọ́rùn-ún pósítà wálé, wọ́n tú ọ̀kan sórí tábìlì.

Gbogbo wa sún mọ́ tábìlì.

Obìnrin kan ló wà níbẹ̀, aṣọ búlúù Màmá ló wọ̀. Ojú ẹ̀ mọ́ rekete, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín ẹ̀ tò bẹ́ẹ̀rẹ́. Ọrùn ẹ̀ gùn, ó ń dán. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rí ní Ìjoun. Lábẹ́ ẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ Màmá sí, àti ọdún tí wọ́n bí i.

"Ta lèyí?" Mọ́rẹ́ ní. Ó wo gbogbo wa lójú, lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ jọ̀ọ́, ta lèyí?"

Fóònù ò rí ojú kankan níbi tí mo ti bò ó, ló bá dá ojú tiẹ̀. Abọ́dúnrìn kò mọ̀. Láti òwúrọ̀ ló ti ń sáré ètò, wọ́n ká pósítà fún un, ó sanwó, kò tú u wò. Ó fa ọ̀kan ya, ó fa èkejì ya. Ó wá yíjú sí mi.

"Ìwọ lo fà á," ó ní. "Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹ ní Ìlaròó. Ìwọ lo sọ ìyá mi di òkú nígbà tó ṣì ń mí. Gbogbo ohun tó wà ní ẹnu ọ̀nà yẹn lo rí, àgbọ̀n, ọ̀bẹ, èèpo ẹ̀gẹ́ pàápàá hàn, ìyá mi nìkan ni kò hàn! Mi ò fẹ́ rí ẹ níbí lọ́la. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kí ni? Ta ló fẹ́ mọ̀ ẹ́?"

Ẹ mọ̀ mí tẹ́lẹ̀. Ìbínú gùn mí, mo fẹ́ sọ fún un pé ìyá ẹ̀ ló ní kí n má jẹ́ kó hàn. Ó ti dé ètè mi. Mọ́rẹ́ sì ń bẹ níbẹ̀, ó gbé pósítà mọ́ra, ó ń fi ìka nu ojú obìnrin yẹn bí ẹni pé ti Màmá wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Mi ò lè fara dà á. Mo jáde. Mo gun ọ̀kadà dé Ìlaròó, mo gbé àwòrán náà sínú fóònù, mo sì tún gun ọ̀kadà padà kí oòrùn tó wọ̀.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí fóònù tiẹ̀, mo ní kó wò ó. 

Ó fi ìka méjì fa ojú Màmá tóbi. Ó kígbe. "Màmá mi! Ẹ wò ó, òun rèé, ojú ẹ̀ rèé!" Ó gbá mi mọ́ra, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ẹnu ko fóònù lẹ́nu. "Akin, Ọlọ́run á bù kún ẹ. O ní kò sí. Ọlọ́run á bù kún ẹ."

Ó tún fà á wálẹ̀ díẹ̀. Ó rí ọrùn. Ó rí ọwọ́.

Ara ẹ̀ tutù lọ́wọ́ mi. Ó tú ara ẹ̀ kúrò lára mi díẹ̀díẹ̀.

"Máa lọ sílé, Akin," ó ní. "Jẹ́ kí n sin ìyá mi ná."

Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé kò fi àwòrán yẹn han ẹnikẹ́ni. Òdòdó nìkan ló wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Àwọn kan ń kùn, Mọ́rẹ́ ò dá wọn lóhùn.

Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn ìsìnkú ló wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti rù. Mo dìde pé kí n dì mọ́ ọn, ó gbé ọwọ́ sókè, mo sì jókòó padà.

"Mo fẹ́ kó o tẹ fótò yẹn fún mi," ó ní. "Kó tóbi. Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè. Má parọ́ fún mi lónìí."

"Mi ò ní parọ́."

"Ìgbà wo lo yà á?"

"Oṣù Karùn-ún."

"Ọjọ́ kan náà pẹ̀lú èyí tó rí bàìbàì?"

"Ọjọ́ kan náà. Kò tó ìdajì wákàtí tó wà láàárín wọn."

"O rí ọwọ́ tó fi di ọ̀fun mú."

"Mo rí i."

"O sì bi í léèrè."

"Mo bi í. Ó ní ó ń dùn òun. Ó ní kí n má sọ fún ẹ."

Ó mi orí. Omijé ń dà lójú ẹ̀, kò nù ún. "Oṣù márùn-ún, Akin. Mo ń gbé ẹran sínú àwo ẹ̀, á ní òun ti yó. O jókòó síbẹ̀, ò ń jẹun, o mọ ìdí ẹ̀."

"Mọ́rẹ́, ìyá ẹ ló mú kí n ṣèlérí! Àgbà ni! Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Mo mọ̀ pé òun ni! Ìyá ni, kí lo fẹ́ kó sọ? Ìyá wo ni kì í sọ bẹ́ẹ̀? Ìwọ ni mò ń bi. Kí ló ṣe ìwọ?"

Mo ti dìde, mo ti ń pariwo, àwọn tó wà nítòsí ti ń wò wá. Mo wo ojú ẹ̀, ariwo náà sì kú mọ́ mi lẹ́nu.

"Ó ní tó o bá gbọ́, o máa sún ọjọ́ wa síwájú," mo ní. "Mi ò fẹ́ kó o sún un. Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Mo ṣì fẹ́ràn ẹ," ó ní. "Má rò pé kò sí mọ́. Ní báyìí gan-an, ó ń ṣe mí bíi kí n wá gbé orí lé ẹ láyà. Ṣùgbọ́n gbọ́. Tí mo bá bí ọmọ fún ẹ, tí nǹkan ń ṣe é, tó ní, 'Dádì, ẹ má sọ fún Mọ́mì,' kí lo máa ṣe?"

"Màá sọ fún ẹ."

"Ó pẹ́ kó o tó dáhùn, Akin."

Mo tan ẹ̀rọ. Mo bi í bóyá kí n bá a rọra bo ọrùn Màmá, mo ní mo lè ṣe é kí ojú ẹ̀ nìkan mọ́. Ó ní, "Má fọwọ́ kàn án." Ìwé náà ń jáde díẹ̀díẹ̀, láti òkè wá. Òrùlé jáde. Ojú Màmá jáde, ẹnu tó là, ọrùn, ọwọ́. Mọ́rẹ́ tẹ̀ sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni obìnrin tó wà níwájú jáde, orí ẹ̀ wà lókè, ó ń rẹ́rìn-ín teyínteyín, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Nínú fóònù, ojú Màmá nìkan ló ti ń fà tóbi láti ọjọ́ náà wá. Kò tíì wo ara ẹ̀.

"Èmi nìyí," ó ní.

"Mọ́rẹ́."

"Èmi nìyí, mo jókòó síwájú ẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín." Ó fi ìka wọn àlàfo tó wà láàárín wọn lórí ìwé. Kò tó ìka mẹ́rin. "Mi ò bojú wẹ̀yìn."

Mo ní kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀. Mo sọ ọ́ bí ìgbà mẹ́ta. Kò jọ pé ó gbọ́ mi. Mo fi àwòrán náà sínú àpòòwé ńlá, mo lẹ̀ ẹ́, mo ní jẹ́ kí n sìn ẹ́ dé gáréèjì, ó mi orí pé rárá. Ó gbé e mọ́ àyà, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó wá yíjú padà. Ó tẹ orúnkún díẹ̀, bí obìnrin ṣe ń tẹ orúnkún fún oníṣẹ́ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a ṣe nǹkan tán.

"Ẹ ṣeun, sà," ó ní. "Ẹ kú iṣẹ́."